Ẹ̀rọ Tí Kò Mọ Ẹni Tó Gbé Ẹrù

Inú mi máa ń tètè bí. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Adégbàyí lè jẹ́rìí sí i, àwọn mìíràn nínú wọn ti di bàbá ọlọ́mọ báyìí, síbẹ̀ wọ́n ṣì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tí a bá pàdé. Mo sọ èyí ṣáájú kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ fi ìtàn yìí yin ara mi. Ọpẹ́ ni mo fẹ́ dá. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni, n kò sì fẹ́ kí wọ́n kà mí mọ́ ọlọ́ṣà.

Àgbẹ̀ ni bàbá mi, ní Ẹrúnmú. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n jọ ń ṣe àáró: lónìí wọ́n á kọ ebè lóko ẹnìkan, bó bá ṣe díẹ̀ wọ́n á lọ sóko ẹlòmíràn, títí yóò fi kárí. Kò sí owó nínú rẹ̀. Ohun tí ẹnìkejì bá fi ọwọ́ ṣe fún ọ, ọwọ́ ni ìwọ náà yóò fi san án. Òfin kan tó le níbẹ̀ ni pé olóko kì í jókòó. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ bá wá sóko rẹ, ìwọ ni yóò kọ́kọ́ mú ọkọ́, ìwọ náà ni yóò gbẹ̀yìn sọ ọ́ kalẹ̀. Bí ara rẹ kò bá tilẹ̀ yá, dìde kí o máa ṣe bí ẹni ń ṣe é.

Bàbá mi gba òfin yìí ju bó ṣe yẹ lọ. Kódà bí a bá fẹ́ gbé ẹrù rù wọ́n, apẹ̀rẹ̀ kì í tíì kọjá àyà tí wọ́n á fi máa sọ pé, “Fi sílẹ̀, ó ti dọ́wọ́ mi.” Èmi ni mo sábà máa ń gbé e rù wọ́n nígbà tí mo ṣì wà nílé. Bí n kò bá tètè jọ̀wọ́ rẹ̀, ìjà dé nìyẹn. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti jogún ìbínú mi, kí ẹnikẹ́ni má wá a lọ sọ́dọ̀ ìyá mi.

Ní àárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀, bàbá mi tẹ àfọ́kù irin ọkọ́ mọ́lẹ̀ nínú oko ẹ̀gẹ́. Ó wọ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. Wọ́n fà á yọ, wọ́n fi epo pupa àti iyọ̀ pa ojú ibẹ̀, wọ́n sì parí ebè tó kù. Ìyá mi ní kí wọ́n lọ gba abẹ́rẹ́ nílé ìwòsàn kékeré tó wà nílùú. Bàbá mi ní ṣé torí nǹkan tí kò tó ẹ̀gún ni àwọn yóò ṣe fi iṣẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, ọgbẹ́ ti ń jinná, ẹnu ni kò fẹ́ là mọ́. Wọ́n ní eyín ló ń dun àwọn. Lọ́jọ́ kejì, àti mu ẹ̀kọ gan-an di ogun. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, gbogbo ara wọn ti le gbagidi, ẹ̀yìn wọn tẹ̀ bí ọrun, bí ilẹ̀kùn bá dún báyìí, ara wọn á tún gan.

Ọkọ̀ tó wá kó ẹ̀gẹ́ ló gbé wọn. Wọ́n gba Ẹgbẹ́dá bọ́ sí títì Ifẹ̀, nígbà tí wọ́n dé Adégbàyí, wọ́n yà gbé mi ní ilé ẹ̀kọ́. Bí mo ṣe jáde ní kíláàsì ni mo ṣe wọ ọkọ̀, ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ìyá mi gbé orí ọkọ wọn lé itan, wọn kò sunkún.

Ní ilé ìwòsàn ńlá kan nígboro, dókítà wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní tẹ́tánọ́ọ̀sì ni. Ó ní oògùn tí àwọn máa fi dẹ ara wọn yóò le débi pé wọn kò ní lè mí fúnra wọn, nítorí náà ẹ̀rọ ni yóò máa bá wọn mí. Àwọn dókítà dá ihò kékeré sí ọ̀fun bàbá mi, wọ́n ki ọ̀pá rọ́bà bọ̀ ọ́, wọ́n sì so ó mọ́ ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ tuntun ni, ọ̀kan ṣoṣo irú rẹ̀ ló wà ní wọ́ọ̀dù yẹn, àwọn kan láti òkè òkun ló fi tọrẹ. Mo gbọ́ pé kí wọ́n tó so bàbá mi mọ́ ọn, aṣọ funfun ni àwọn nọ́ọ̀sì fi máa ń bò ó kí eruku má bà á, bí a ṣe ń bo tẹlifíṣọ̀n nílé nígbà náà.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló ń ṣe àkóso ibẹ̀, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí gíláàsì ojú rẹ̀ máa ń yọ̀ wá sí ṣóńṣó imú. Èèyàn méjì péré ló ń jẹ́ kó wọlé lọ́sàn-án, a sì gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá kí a tó wọlé. Ọjọ́ kìn-ín-ní ni mo ti bá a jà. Ó ní kí n tún ọwọ́ mi fọ̀, mo ní bàbá mi ni mo wá wò, n kò wá ṣe àlùwàlá.

Ó ti gíláàsì rẹ̀ sókè. “Àlùwàlá gan-an ni, Àǹtí. Ẹ lọ tún un ṣe.”

Mo lọ tún un ṣe. N kò fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí n má purọ́.

Ṣùgbọ́n òun náà ló jókòó tì wá lọ́jọ́ kejì tó ṣàlàyé ẹ̀rọ náà fún ìyá mi, láìkánjú. Ó ní àwọn ẹ̀rọ tí àwọn ti ń lò tẹ́lẹ̀, bí o bá ṣe ṣètò wọn ni wọ́n á ṣe máa fẹ́ atẹ́gùn, wọn kì í ro tẹni tó dùbúlẹ̀. Ó ní èyí yàtọ̀. “A ti sọ ìwọ̀n atẹ́gùn tí Bàbá gbọ́dọ̀ rí gbà fún un, ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mí. Tí àyà wọn bá le, á fi kún agbára tó fi ń fẹ́ ẹ wọlé. Tí àyà bá rọ̀, á dín in kù fúnra rẹ̀. Tí Bàbá náà bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í fà á, á máa fi sílẹ̀ fún wọn díẹ̀díẹ̀.”

Ìyá mi ronú sí i. “Bí ẹni tó ń gbé ẹrù runi nìyẹn.”

“Ẹ ti gbà á, Màmá,” ni nọ́ọ̀sì wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Lójú ẹ̀rọ yẹn, ó fi nọ́ńbà méjì hàn mí. Èkíní ni ìwọ̀n atẹ́gùn tó ń wọlé, ìyẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ìkejì ni agbára tí ẹ̀rọ ń lò. Olùkọ́ ni mí, kí ni mo tún ń wá ju máàkì lọ? Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti wọlé, ojú nọ́ńbà kejì yẹn ni mo kọ́kọ́ máa ń wò kí n tó wo ojú bàbá mi. Bí mo bá jáde, mo máa ń kéde rẹ̀ fún àwọn ará ilé wa tó jókòó sábẹ́ igi fúrùtù níta, wọn á sì máa dúró de ẹnu mi bí ẹni dúró de èsì ìdánwò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í dín oògùn náà kù. Bàbá mi la ojú. Wọn kò lè sọ̀rọ̀ nítorí ihò ọ̀fun, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbọ́ wa, bí a bá bi wọ́n ní nǹkan, wọ́n á ṣẹ́jú. Èmi tí n kì í sunkún níwájú èèyàn, mo sun ún bí ọmọ ọwọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà náà ni ọ̀rẹ́ bàbá mi wá kí wọn, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tí wọ́n jọ ń ṣe àáró. Àgbà ìjọ Aládùúrà ni ọ̀rẹ́ wọn yìí, nọ́ọ̀sì sì ti gba agogo àdúrà lọ́wọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà, torí kí ara bàbá mi má tún gan. Nítorí náà ohùn jẹ́jẹ́ ni bàbá aládùúrà fi gbàdúrà. Nígbà tí wọ́n ṣe àmín tán, wọ́n tẹ̀ mọ́ etí bàbá mi.

“Ọ̀rẹ́ mi, àáró la wà yìí o. Ẹ̀rọ ń kọ ebè, àwọn dókítà ń kọ ebè. Olóko kì í jókòó. Ìwọ náà fà á.”

Bàbá mi ṣẹ́jú. Mo rí i tí àyà wọn gbéra sókè.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi nínú. Láti ọjọ́ kejì rẹ̀ ni èmi náà ti gbà á ṣe. Bí mo bá ti wọlé lọ́sàn-án, màá dì wọ́n lọ́wọ́ mú, màá ní, “Ẹ fà á, Bàbá. Olóko kì í jókòó.” Wọ́n á sì fà á. Nọ́ńbà kejì sì ń wá sílẹ̀ lóòótọ́: ó ti wà ní mẹ́rìnlélógún, ó di mẹ́rìndínlógún, ó di mẹ́sàn-án. Ẹ̀rọ ń fi ẹrù sílẹ̀ fún olówó rẹ̀. Lọ́jọ́ tó di mẹ́sàn-án, àwọn ará ilé dá orin ọpẹ́ lábẹ́ igi fúrùtù, wọ́n ń rọra pàtẹ́wọ́ torí pé a kò gbọ́dọ̀ pariwo.

Ìyá mi nìkan ni kò kọrin.

Nígbà tí a jọ padà wọlé, ìyá mi dúró síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, wọn kò sún mọ́ ẹ̀rọ rárá, ọkọ wọn ni wọ́n tẹjú mọ́.

“Bàbá yín kì í mí báyìí, àfi tí wọ́n bá ru iṣu gun òkè ẹ̀yìn odò.”

Mo ní, “Màámi, wọ́n ń gbádùn ni. Nọ́ńbà yẹn ti wá sílẹ̀.”

“Mi ò mọ nọ́ńbà. Bàbá yín ni mo mọ̀.”

Inú bí mi. Mo sọ ohun kan tó ń dùn mí títí dòní. Mo ní, “Ẹ̀yin ò sáà kàwé. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n kà bá yín kà á.”

Ìyá mi fa ìborùn wọn wálẹ̀. Wọ́n so ó mọ́ ìdí. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì àgbà wà lẹ́yìn wa, ó ń to ìgò omi abẹ́rẹ́ sórí tábìlì, ó sì gbọ́ gbogbo ohun tí a sọ. Ó fi ìgò sílẹ̀. Kò wo ọ̀dọ̀ mi.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ohun tí ẹ sọ lẹ́ẹ̀kan sọ.”

Ìyá mi na ìka. “Ẹ wo ọrùn wọn. Iṣan tó yọ níbẹ̀ yẹn, tí ẹrù bá ti pọ̀ jù ló máa ń yọ. Ẹ wo imú wọn bó ṣe ń ṣí. Wọn ò ní wí o. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ wọn, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé ẹrù wúwo.”

Nọ́ọ̀sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ikùn bàbá mi, ó gbé ọwọ́ kejì lé àyà wọn, ó sì ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn wọn, ó ní ara wọn gbóná. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó yára lọ, kò sáré, ó sì mú dókítà bọ̀.

Dókítà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní sùúrù, kọ́kọ́ wo ojú ẹ̀rọ bí èmi náà ṣe máa ń ṣe. Nọ́ńbà tó dára ló rí. Ó ti fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ní, “Dókítà, ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀ ná. Ẹ wo Bàbá.”

Ó wò wọ́n, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí, bí ó ṣe là á yé wa lẹ́yìn náà. Àìsàn tuntun ti wọ ẹ̀dọ̀fóró bàbá mi, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ti dí ibẹ̀, ibà sì wà lára wọn. Atẹ́gùn tí wọ́n nílò ti pọ̀ sí i, wọ́n sì ń fi gbogbo agbára wọn fà á. Ẹ̀rọ rí i pé ìwọ̀n tí a ní kó máa fún wọn ti ń wọlé pé pérépéré, ó rò pé wọ́n ti lágbára, ó wá ń fà sẹ́yìn. Bí ó ti ń fà sẹ́yìn ni àwọn náà ń fà á sí i. Èmi àti bàbá aládùúrà sì wà létí wọn, à ń sọ pé kí olóko má jókòó.

“Ẹ̀rọ yìí gbọ́n,” ni dókítà wí, “ṣùgbọ́n ohun tó mọ̀ kò ju pé ẹrù ti dórí lọ. Kò mọ ẹni tó gbé e.”

Wọ́n fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà jáde, wọ́n fún wọn ní oògùn ibà àti èyí tó máa dẹ ara díẹ̀. Dókítà wá yí ìṣe ẹ̀rọ padà: kí ó máa fi agbára kan náà ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbà gbogbo, yálà wọ́n fà á tàbí wọn kò fà á, kí ó má fi sílẹ̀ títí òun yóò fi ní kó fi sílẹ̀. Mo dúró ti ògiri. Mo ń wo ọrùn bàbá mi, n kò wo nọ́ńbà kankan mọ́. Iṣan yẹn ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Imú wọn dáwọ́ ṣíṣí dúró. Wọ́n pa ojú dé, oorun sì gbé wọn lọ, oorun ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún.

Dókítà sọ fún wa láìfi bò pé tí ó bá di ọjọ́ kejì kí a tó rí i, ó ṣeé ṣe kí agbára wọn ti tán pátápátá.

Mo jáde lọ sábẹ́ igi fúrùtù. Ojú tì mí, ẹ̀rù bà mí, n kò sì mọ èwo ni kí n kọ́kọ́ sun ẹkún fún. Ìyá mi wá bá mi níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sórí ewé gbígbẹ, mo ní, “Màámi, ẹ má bínú.”

Wọ́n wò mí títí. “Tíṣà,” ni wọ́n wí, “máàkì mélòó lo wá fún mi?”

Ẹ̀rín àti ẹkún jọ gbá mi mú. Wọ́n fà mí dìde, wọ́n gbọn ewé kúrò ní orúnkún mi, wọn kò sì mẹ́nu bà á mọ́ títí di òní olónìí. Mo dúpẹ́ fún èyí náà.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi ló tẹ̀ mọ́ etí ọkọ wọn. Mo ń gbọ́ wọn. “Bàbá wọn, ẹ jókòó. Ẹ gbọ́ mi? Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá wa ro oko yìí. A óò san án.” Bàbá mi ṣẹ́jú, omi sì bọ́ lójú wọn.

Ó tó oṣù kan sí i kí wọ́n tó kúrò lára ẹ̀rọ, díẹ̀díẹ̀ ni, pẹ̀lú ọwọ́ nọ́ọ̀sì lórí ikùn wọn lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ gbé wọn lọ sílé, ìyá mi gbé adìyẹ méjì wá fún nọ́ọ̀sì. Ó ní òfin iṣẹ́ àwọn kò gbà á.

Ìyá mi ní, “Ṣé ẹ ní oko?”

Nọ́ọ̀sì ní òun kò ní oko, ilẹ̀ kan ni òun rà sí Ẹgbẹ́dá láti fi kọ́lé, igbó sì ti bò ó mọ́lẹ̀.

“A ti gbọ́,” ni ìyá mi wí.

Nígbà tí ọdún fẹ́ parí, ní ọjọ́ Sátidé kan, àwọn ẹlẹgbẹ́ àáró mẹ́ta dé Ẹgbẹ́dá pẹ̀lú àdá àti ọkọ́. Bàbá mi ṣe ẹ̀kẹrin wọn, ṣùgbọ́n orí àpótí ni a fi wọ́n sí lábẹ́ ibòji, kí wọ́n máa pàṣẹ. Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ti wọ aṣọ oko, ó mú ọkọ́ tí kò mọ̀ ọ́n lò, torí bàbá aládùúrà ti ka òfin fún un: olóko kì í jókòó. Ṣe ni ó ń kó ìyà jẹ ilẹ̀, a sì rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn wá.

Nígbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í mú, bàbá mi dìde lórí àpótí. Wọ́n ní ara àwọn ti há, àwọn fẹ́ ru apẹ̀rẹ̀ koríko kan lọ dà nù. Ìyá mi wò wọ́n, wọn kò sọ pé rárá. Bàbá mi pè mí kí n wá gbé e rù wọ́n. Koríko ni, kò wúwo. Mo gbé e sókè, ó dé àyà wọn, mo ti ń múra láti jọ̀wọ́ rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe láti kékeré, mo ń dúró de ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀.

Mo gbọ́ èémí wọn. Àpá ihò yẹn wà níwájú mi lọ́fun wọn.

“Má tíì fi sílẹ̀,” ni bàbá mi wí.

Mo dì í mú.